Àga ti ń di màmá mú

Ìbéèrè: Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 74. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga, àfi ká fà wọ́n lọ́wọ́. Ṣé kí wọ́n kúkú máa sinmi?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìjókòó àjókòójù ló ń sọ iṣan itan di ọ̀lẹ. Ẹ gbé àga ti ògiri, kí màmá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì rọra jókòó padà. Kí wọ́n má já lulẹ̀ bí àpò gàrí o. Ibi ìrọra jókòó yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìgbà 5 láàárọ̀, 5 nírọ̀lẹ́, kí ẹnìkan dúró tì wọ́n. Kí iṣan náà lè lágbára, ẹyin, ẹja tàbí mọ́ínmọ́ín kò gbọdọ̀ wọ́n nínú oúnjẹ wọn. Bí òòyì bá ń kọ́ wọn, tàbí tó jẹ́ pé òjijì ni ìṣòro ìdìde yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ rí dókítà, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn wọn dání.