Àpótí Ìmọ̀: Ọmọ Ọdún Mélòó Ló Lè Ra Igbó?

Lára ìgò bíà tí wọ́n ń tà ní Ìjerò tàbí Àrámọ̀kọ ní Èkìtì, ẹ óò rí 18+. Igbó kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, nítorí òfin Nàìjíríà kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti rà á, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 15, ì báà jẹ́ bàbá ẹni 70 ọdún. Ìjọba ológun ló fi òfin líle mú un ní 1966. Ikú wà lára ìyà ẹni tó bá gbìn ín nígbà náà, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò ní 1975. Ọjọ́ orí tí òfin yẹn mẹ́nu bà ni 17: ẹni tí kò bá tíì pé e ní ìjìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ti ìyà nìyẹn o, kì í ṣe ti ọjà! NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, ló ń wá oko igbó kiri inú aginjù Èkìtì.

Òkè òkun ni ọjọ́ orí ọjà wà, kò sì dọ́gba. Ní Kánádà, tó fàyè gbà á ní 2018, ó jẹ́ 18 ní Alberta, 19 ní Ontario, 21 ní Quebec. Ní Maryland, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ó jẹ́ 21 láti oṣù Keje 2023. Ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣì kọ̀ ọ́: àlejò tó rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti di ọmọ onílùú.