Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn: Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀ràn fún Sójà Tí Wọ́n Lé

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé òun dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé òun ṣubú, torí bí kò bá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ náà ni yóò tún ti ṣubú lọ́la. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí ni àwọn ọmọ wa tó wọ iṣẹ́ sójà, tí wọ́n sì lé kúrò níbẹ̀ lórí ẹ̀sùn ìwà àìtọ́: ẹni tí wọ́n ní ó sá lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí wọ́n ní ó tàpá sí àṣẹ ọ̀gá, ẹni tí ìbọn sọnù mọ́ lọ́wọ́. A rí wọn ní Ìgbẹ́mọ, a rí wọn ní Ìwòròkó àti Afao, wọ́n sì pọ̀ ní Adó Èkìtì. Òmíràn ti padà sídìí oko ìrẹsì bàbá rẹ̀, òmíràn ń gun ọ̀kadà, òmíràn ń ṣọ́ géètì fún olówó. Ìwé tí wọ́n fi lé e wà nísàlẹ̀ àpótí. Ìyàwó kò rí i, ìyá kò rí i.

Ìtìjú ló fà á, ìtìjú náà sì wúwo nílẹ̀ wa. Èkìtì ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ iyì. Adó ni wọ́n ti bí Adékúnlé Fájuyì, ológun tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀ ní July 1966, tí gbogbo Yorùbá sì ń fi orúkọ rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìwà akọni. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ jáde, tí wọ́n wá lé e kúrò ní bárékè, á rò pé ohun tó kù fún òun ni kí òun panu mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwé tí ènìyàn kọ, ènìyàn lè tún un kọ, wọ́n sì ti tún irú rẹ̀ kọ ní Nàìjíríà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ rántí ọdún 2014. Ní oṣù August ọdún náà, wọ́n ní kí àwọn sójà kan ní Borno lọ gba Delwa, Bulabulin àti Damboa padà lọ́wọ́ Boko Haram. Wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n kọ̀, kóòtù àwọn ológun tó jókòó l'Ábùjá sì dájọ́ ikú fún 54 nínú wọn ní December 17. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní September, wọ́n ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún sójà 12 lórí ọ̀tẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri. Fẹ́mi Fálànà, ọmọ Ìlawẹ̀ Èkìtì wa níbí, ló ṣe lọ́yà fún àwọn 54 yìí. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé kì í ṣe ojo ló mú àwọn ọmọ náà, ohun ìjà ni wọ́n béèrè. Kò dákẹ́ lẹ́yìn ìdájọ́, àwọn ẹlòmíràn náà kò dákẹ́. Nígbà tó fi di December 2015, ilé-iṣẹ́ ológun ti yí ìdájọ́ ikú àwọn 66 náà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ohun ayọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàyè ló lè tún ẹjọ́ ara rẹ̀ rò.

Ní August ọdún 2015 yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé sójà 3,032 nínú àwọn tí wọ́n ti lé yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ kan ti yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò. Ẹ kíyè sí i: ìgbìmọ̀ kò lè yẹ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ wò.

Èyí ló mú mi dé orí ìwé. Ohun àkọ́kọ́ ni kí o kó gbogbo ìwé rẹ jọ: ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́, nọ́ńbà sójà rẹ, ìwé ìgbéga, ìwé oyè tàbí àmì ẹ̀yẹ tó o gbà lójú ogun, ìwé ẹ̀sùn, àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́, àti ìwé tí wọ́n fi lé ọ. Èyí tí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, kọ̀wé béèrè rẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje sì ni òfin náà fún wọn láti dá ọ lóhùn. Ṣe fọ́tókọ́pì ohun gbogbo. Má ṣe fi ojúlówó ìwé ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí o bá mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì, jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ, kí ọjọ́ sì hàn lórí rẹ̀.

Ká ní sójà kan gba ààyè ọjọ́ mẹ́wàá wá sìnkú ìyá rẹ̀ ní Ìgbẹ́mọ, tó wá lo oṣù kan gbáko. Wọ́n ní ó sá. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Pósítà ìsìnkú wà, ọjọ́ sì wà lára rẹ̀. Ìwé ilé ìwòsàn wà, bí àìsàn bá gbé òun náà dè lẹ́yìn ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ ránṣẹ́ sí sájẹ́ǹtì rẹ̀ lórí fóònù wà. Ìwé ìbúra àwọn tó bá a gbé ilé nígbà yẹn lè wà. Kóòtù Gíga Adó ni wọ́n ti máa ń ṣe é, kò sì le. Gbogbo èyí kò sọ pé kò ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kì í ṣe ìsáǹsá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè jẹ́ gbogbo ayé ẹnìkan.

Níbí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ń kú. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, jókòó, kí o bi ara rẹ léèrè: ṣé mo jẹ̀bi, àbí n kò jẹ̀bi? Bí o bá jẹ̀bi, sọ bẹ́ẹ̀ ní gbólóhùn kan. Sọ ohun tó fà á, sọ ohun tí o ti ṣe láti ìgbà náà, kí o wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí lílé padà sí ìtúsílẹ̀ tàbí ìfẹ̀yìntì, kí ìwé rẹ lè mọ́ fún iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ọdún wọ̀nyẹn gbé yẹ̀ wò. Bí o kò bá jẹ̀bi, má ṣe tọrọ àforíjì. Ìgbẹ́jọ́ ni kí o dojú kọ. Ṣé wọ́n ka ẹ̀sùn sí ọ létí? Ṣé wọ́n fún ọ ní lọ́yà àti àkókò? Ṣé àwọn ẹlẹ́rìí rẹ rí ọ̀rọ̀ sọ? Ṣé aláṣẹ tó yẹ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà? Ìwé òfin ilẹ̀ wa, abala 36, ló fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ òdodo, sójà kò sì yọ sílẹ̀. Ẹni tó pa méjèèjì pọ̀, tó ń sọ lójú ìwé kan pé òun kò ṣe é, tó tún ń sọ lójú ìwé kejì pé kí wọ́n dárí ji òun, kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Nínú ọ̀rọ̀ ológun, ọjọ́ kan yẹn kì í jìnnà, torí fáìlì rẹ wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bó bá jẹ́ kóòtù ológun ló dá ọ lẹ́bi, òfin àwọn ọmọ ogun gbà ọ́ láyè láti kọ̀wé sí aláṣẹ tí yóò fọwọ́ sí ìdájọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, kó tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, o lè lọ sí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ 40 péré ni wọ́n fún ọ láti tọrọ àyè, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti kéde ìdájọ́ náà. Bó bá jẹ́ ìdájọ́ ikú, ọjọ́ mẹ́wàá ni. Ẹni tí àkókò bá ti ré kọjá lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ kóòtù, kí ó sì sọ ìdí tó fi pẹ́. Kóòtù tún wà tí wọ́n ń pè ní National Industrial Court, èyí tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ní June 2016, wọ́n fi tipátipá fẹ̀yìn ọ̀gá ológun 38 tì. Àwọn kan nínú wọn gba kóòtù yìí lọ, ó sì dá wọn láre. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò gbé wọn padà sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fà á lórí ìmúṣẹ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ sí kóòtù, kó mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni, kó sì bá lọ́yà tó mọ òfin ológun sọ̀rọ̀, kì í ṣe lọ́yà ilẹ̀ àti ilé lásán. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Ọ̀nà mìíràn kò gba kóòtù kọjá. O lè kọ̀wé sí olú ilé-iṣẹ́ ológun l'Ábùjá, o lè kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń gba ìwé ẹ̀hónú, láti ọwọ́ aṣojú yín. Òkè pátápátá ni ìdáríjì Ààrẹ wà: abala 175 ìwé òfin fún Ààrẹ ní agbára yìí lórí ẹni tí kóòtù ológun dá lẹ́bi, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Council of State. Ọ̀nà yìí ni Ọ̀gágun Ọládipọ̀ Díyà gbà rí ìdáríjì ní March 2013, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀gbàjọba.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nínú ológun Amẹ́ríkà, tiyín rọrùn ní apá kan, ó sì léwu ní apá kejì. Níbẹ̀, ọ̀nà àtúnṣe wà létò: fọ́ọ̀mù DD 293 ni wọ́n ń kọ sí ìgbìmọ̀ tó ń tún ìwé ìtúsílẹ̀ yẹ̀ wò, láàárín ọdún 15; ṣùgbọ́n ẹni tí kóòtù ológun ńlá bá lé, tàbí tó ti kọjá ọdún wọ̀nyẹn, DD 149 ni yóò kọ sí ìgbìmọ̀ tó ń tún àkọsílẹ̀ ṣe. Láti 2014 ni àṣẹ ti wà pé kí wọ́n fi ojú àánú wo ẹni tí ọgbẹ́ ọkàn ogun bá fà á tó fi ṣìwà hù. Ewu ibẹ̀ nìyí: ẹni tó fi iṣẹ́ ológun di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí kò tíì sìn pé ọdún márùn-ún, tí wọ́n sì lé e lọ́nà tí kò bọlá fún un, wọ́n lè gba ìwé ọmọ-ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó má fi àárọ̀ ọjọ́ kan ṣòfò.

Ọgbẹ́ ọkàn yìí, ẹ má jẹ́ ká fi mọ sí òkè òkun. Ọmọ tó ti ojú ogun ní Sambisa dé, tí kì í sùn, tó ń pariwo lóru, tó ń mu ọtí kí ó lè gbàgbé, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe pé aráyé ń ṣe é. Àìsàn ni, ó sì ní dókítà. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó. Ìwòsàn rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ṣùgbọ́n ìwé tí dókítà bá kọ tún lè sọ fún àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò ohun tí ẹnu ọmọ náà kò lè sọ.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo fi tọkàntọkàn ṣe. Bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé òun mọ ọ̀gágun kan l'Ábùjá, pé kí o mú owó wá kí òun lè bá ọ fi orúkọ sínú àkọsílẹ̀, sá fún un. Àwọn tó ń jẹun lára ìrora àwọn ọmọ yìí pọ̀, mo sì mọ ìyá tó ta ìrẹsì ọdún kan nítorí wọn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kì í gba rìbá. Má sì wọ aṣọ ológun mọ́, ì báà jẹ́ fìlà lásán, torí òfin lòdì sí i, ẹ̀sùn tuntun kan ṣoṣo sì lè pa ẹ̀bẹ̀ tó dára kú.

Sùúrù ni iṣẹ́ ìdílé níbí. Ní ọdún 2000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ yí lílé àwọn ológun tó jà fún Biafra padà sí ìfẹ̀yìntì, ó sì dárí ji àwọn ọlọ́pàá tó wà lápá ibẹ̀. October 2017 ni àwọn ọlọ́pàá náà tó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó, ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn ìdáríjì, nígbà tí àwọn kan ti kú, tó jẹ́ opó wọn ló wá gbà á. Nítorí náà, kí ìyàwó mọ ibi tí fáìlì wà. Kí ọmọ tó dàgbà mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Bí lẹ́tà rere bá dé, ẹ má kàn yọ̀ kí ẹ sì fi í sínú àpótí. Ẹ kà á délẹ̀: ṣé ìtúsílẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, àbí ìfẹ̀yìntì? Láti ọjọ́ wo? Ipò wo ni wọ́n fi fún un? Ṣé wọ́n dárúkọ owó? Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí Military Pensions Board l'Ábùjá láàárín oṣù yẹn. Bí wọn kò bá dárúkọ rẹ̀, ẹ kọ ìwé mìíràn.