Ibi Tí Dátà Yóò Máa Gbé

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń gbé PostgreSQL sórí Windows, ibì kan wà tí ẹ máa ń sáré kọjá. Ẹ̀rọ á béèrè ibi tí òun yóò máa kó dátà sí, á sì ti bá yín kọ ìdáhùn síbẹ̀: C:\Program Files\PostgreSQL\16\data. Ẹ ó kàn tẹ Next. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbẹ̀ ná.

Èmi náà tẹ Next yẹn rí, ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kó àkọsílẹ̀ ọjà àti gbèsè jọ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Windows kò dìde mọ́. Wọ́n pe ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò, ó fọ́máàtì C, ó gbé Windows tuntun sí i. Mi ò dá a lẹ́bi. Ta ló máa wá ẹrù iyebíye lọ sínú Program Files? Dísìkì D wà níbẹ̀ tó ṣófo, n kò lò ó, n kò sì ṣe ẹ̀dà kankan pa mọ́. Mo bá ìyá olóògùn lórí ìjókòó, ó ń fi bírò kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, ìwọ̀nba èyí tó rántí.

PostgreSQL fúnra rẹ̀, ẹ lè tún un gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́la. Àkọsílẹ̀ ìyá yẹn kò sí níbòmíràn. Ẹ ya ilé àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. D:\pgdata\16 dára. Ẹ má yọ nọ́ńbà yẹn kúrò, torí PostgreSQL 17 kò lè ṣí fódà tí 16 ń lò. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ fún Ubuntu mọ èyí, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi jẹ́ /var/lib/postgresql/16/main.

Ẹ má gbé fódà dátà sínú fódà OneDrive tàbí Dropbox láé. Fáìlì inú fódà dátà kì í dá ṣiṣẹ́, ńṣe ni wọ́n so mọ́ra. Dropbox á mú ọ̀kan nísinsìnyí, á mú èkejì lẹ́yìn tí nǹkan ti yí padà, ohun tó kó jọ kò sì ní í bára mu. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà, pg_dump ni kí ẹ lò.

Lórí Linux, ẹni tó ń jẹ́ postgres ni kó ni fódà náà, 0700 sì ni kí àṣẹ rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, PostgreSQL kò ní í gbéra. Ní ti MySQL lórí Ubuntu, bí ẹ bá kó dátà kúrò ní /var/lib/mysql, ẹ sọ fún AppArmor, ẹ̀ṣọ́ ààbò inú Ubuntu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dínà mọ́ ọn bí àṣẹ fódà tiẹ̀ pé pérépéré. Odindi òru kan ni mo fi wá ìdí rẹ̀.

Bí ẹ bá parí, ẹ tẹ SHOW data_directory. Kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà náà, níbi tí ọmọkùnrin tó bá wá tún un ṣe á ti rí i kó tó ṣí àpò irinṣẹ́ rẹ̀.