Ẹ̀kọ́ Lórí Ilé Yíyá fún Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Dá Gbé

Ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tí ó sì fẹ́ kúrò lábẹ́ òrùlé àwọn òbí rẹ̀. Owó tí yóò kà sí ọwọ́ onílé ní ọjọ́ kan ṣoṣo lè jẹ́ gbogbo ohun tí ó ti ń tù pamọ́ láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ti kọ́ ọgbọ́n náà, mo sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ yá yàrá kan àti pálọ̀ ní Yábàá, mo bá onílé ná owó ilé títí ó fi dín in kù fún mi. Inú mi dùn púpọ̀. Mo rò pé mo mọ ọjà ná. Mo sanwó, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo kó ẹrù wọlé. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n wá já iná mi. Àṣé ẹni tí ó gbé ibẹ̀ ṣáájú mi ti jẹ gbèsè iná sílẹ̀, gbèsè náà sì dúró lórí mítà. Mo tọ onílé lọ. Ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ bi mí nípa iná ni?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni; n kò bi í. Owó tí mo fi san gbèsè ẹlòmíràn ju èyí tí mo ná kúrò lórí owó ilé lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé owó tí ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni ni onílé ń dá lóhùn. Kí a tó san án, àdéhùn ni a ń ṣe. Lẹ́yìn tí a bá ti san án tán, ẹ̀bẹ̀ ni. Nítorí náà, kí ẹni tí ń wá ilé lọ wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ó sì lọ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kí ó ṣí ẹ̀rọ omi wò. Kí ó bi àwọn tí ń gbé inú ilé náà, kì í ṣe alágbàtà nìkan, bóyá mítà olúkúlùkù dá dúró, ta ni ń ra epo sí ẹ̀rọ tí ń fa omi, àti ta ni ń sanwó fún àwọn tí ń wá gbọ́n ihò ṣalángá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí owó ilé bá jẹ́ 400,000 náírà lọ́dún, alágbàtà a sábà máa béèrè ìdá kan nínú mẹ́wàá, a sì tún máa gba ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ìwé àdéhùn. Àpapọ̀ rẹ̀ di 480,000. Bí onílé bá gbà kí owó ilé di 380,000, owó méjèèjì wọ̀nyí yóò bá a wálẹ̀, àpapọ̀ yóò sì di 456,000. Ẹni tí ó rò pé 20,000 ni òun jèrè ti jèrè 24,000. Bí onílé kò bá sì fi owó kún un, yóò tún jèrè 20,000 ní ọdún kejì. Ṣùgbọ́n onílé mìíràn kò ní fẹ́ dín owó rárá, kí àwọn ayálégbé yòókù má baà gbọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbà láti kun ilé, láti tún fèrèsé ṣe, tàbí láti jẹ́ kí a kó wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ẹ má ṣe kẹ́gàn ìwọ̀nyí.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a kí onílé bí ó ti yẹ, kí a sì sọ báyìí pé: “Bàbá, ilé yín wù mí, mo sì fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá lè bá mi mú un wá sí 380,000, n ó san án kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kun yàrá, kí ẹ sì bá mi san gbèsè iná kúrò.” Lẹ́yìn èyí, kí a dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kì í lè dákẹ́. Wọn a tún fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn lè san ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí ó bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ti rú òfin. Ó pàṣẹ kí a kọ ìwé ẹ̀rí owó. Bí onílé bá sì gba owó ọ̀tọ̀ nítorí ohun tí ó lè bàjẹ́, kí ó kọ ìwé ẹ̀rí ọ̀tọ̀ fún un. Òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ó fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí a tó lé e, ṣùgbọ́n bí ìwé àdéhùn kò bá dárúkọ iye mìíràn ni. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí oṣù kan láìka ìwé, oṣù kan náà ni yóò rí gbà.

Nígbà tí mo fẹ́ yá ilé kejì, mo kọ ohun mẹ́rin sórí tákàdá: gbèsè iná, ẹ̀rọ omi, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àti kíkun ilé. Onílé kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó fa igi lé èyí tí ó kẹ́yìn, ó sì fọwọ́ sí mẹ́ta yòókù. Èmi fúnra mi ni mo ra ọ̀dà.