ÀRÙN TÍ ÈNÌYÀN Ń KÓ RAN ẸRANKO

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé bí ajá dìgbòlugi bá bu ènìyàn jẹ, àrùn rẹ̀ lè pa olúwarẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò rò ó rí pé ọ̀nà tí àrùn gbà wá, ó lè gbà á padà: ènìyàn pẹ̀lú a máa kó àrùn ran ẹranko.

Ní ìparí ọdún 2016, nínú igbó Taï ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ikọ́ àti ọ̀fìnkìn mú àwọn ìnàkí. Àwọn onímọ̀ tí ń ṣọ́ wọn yẹ ìgbẹ́ wọn wò, wọ́n sì bá irú kòrónà kan níbẹ̀ tí à ń pè ní OC43. Kì í ṣe èyí tí ó da ayé rú ní ọdún 2020. Ìbátan rẹ̀ ni, ọ̀fìnkìn lásán ni ó sì ń fà fún ọmọ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ara màlúù ni ó ti kọ́kọ́ wọ ara ènìyàn. Ẹ wo ìrìn àjò rẹ̀: láti ara màlúù dé ara ènìyàn, láti ara ènìyàn dé ara ìnàkí! Àìsàn yìí kò le púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú igbó kan náà, ní ọdún 1999, 2004 àti 2006, àrùn èémí mìíràn tí ó ti ara ènìyàn wá pa ìnàkí púpọ̀. Nítorí náà ni ẹni tí ó bá ń tọ̀ wọ́n lọ níbẹ̀ fi ń bo imú àti ẹnu rẹ̀, tí ó sì ń dúró lókèèrè.

Kòrónà tuntun pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Johannesburg, ní ọdún 2021, ó mú àwọn kìnnìún tí a sé mọ́; ó sì hàn pé ara àwọn olùtọ́jú wọn ni wọ́n ti kó o. Ní ilẹ̀ Denmark, ó ti ara òṣìṣẹ́ wọ ara ẹranko kékeré kan, mink, tí wọ́n ń sìn nítorí awọ rẹ̀. Ó yí padà níbẹ̀, ó sì tún padà bá ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ kí a pa gbogbo wọn, nǹkan bí mílíọ̀nù 17. Àgbẹ̀ nìkan ni ó lè mọ irú ọgbẹ́ ọkàn bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí ta adìẹ rẹ̀ lọ́pọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Jámánì dán an wò ní ọdún 2020: kò mú adìẹ, kò sì mú ẹlẹ́dẹ̀. Ológbò ni ó ń mú. Ẹni tí ó bá ń wúkọ́, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn máa fún ológbò ilé ní oúnjẹ, kí ó má sì jẹ́ kí ó sùn sórí ẹní òun.

Ọ̀rọ̀ ìnàkí ni ó kan Èkìtì jù. Nínú igbó ọba Ìṣẹ̀-Èkìtì, ní gúúsù ìlà-oòrùn Adó, ìnàkí díẹ̀ ṣì kù, oko sì ti sún mọ́ ibùgbé wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni abo wọn sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tó nǹkan bí ọdún 5 kí ó tó bí òmíràn. Bí ikọ́ bá pa 3 tàbí 4 nínú wọn, ọjọ́ yóò pẹ́ kí a tó rí arọ́pò. Àgbẹ̀ tí ọ̀fìnkìn ń mú, kí ó dúró sílé títí ara rẹ̀ yóò fi dá kí ó tó wọ igbó náà. Kí ẹni tí ó wà lóko níbẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ bo ìgbẹ́ rẹ̀, kí ó má sì ju ìrèké tí ó ti jẹ tàbí àgbàdo àjẹkù sí etí igbó, nítorí ìnàkí lè ṣà á jẹ.