Àròkọ Aláàlàyé: Bí A Ti Ń Ran Ọmọdé Lọ́wọ́ Nígbà Ọ̀fọ̀

Àlàyé ni ìbéèrè yìí fẹ́, kì í ṣe ìtàn. Má ṣe fi gbogbo ìwé rẹ ròyìn ìsìnkú. Sọ bí a ti ń mọ̀ pé ọ̀fọ̀ wọ ọmọdé lára, kí o sì sọ ohun tí ó yẹ kí àgbà ṣe. Kókó kan, ìpínrọ̀ kan.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Bí òkú bá jẹ́ àgbàlagbà, ijó àti àsè ni a fi ń sin ín. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà lálaalẹ́ kò mọ ìdí ijó náà. A ó ní kí ó lọ ṣeré, a rò pé kò mọ nǹkan kan. Ọmọdé mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ ni kò ní.

Ohun tí ẹnu kò lè sọ, ara a máa sọ ọ́. Ọmọ tí kì í tọ̀ sílé mọ́ lè tún bẹ̀rẹ̀. Òmíràn a máa ní inú ń run òun láràárọ̀. Òmíràn a máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Bí a bá na irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ni a fi kún ẹ̀rù rẹ̀.

Èkíní, kí a sọ òótọ́ fún un. Bí a bá ní ìyá àgbà lọ sí ìrìn àjò, ọmọ yóò máa retí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá rẹ̀ bá gbé àpò láti lọ sí Ìbàdàn, ẹkún ni. Ó sàn kí a wí pé: ‘Ìyá àgbà ti kú. Wọn kò ní padà wá mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.’ Kí a má gbàgbé gbólóhùn ìkẹyìn yìí, nítorí ọmọdé lè rò pé àìgbọràn òun ni ó fa ikú náà.

Èkejì, kí a fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bí a bá bi í pé, ‘Ṣé àárò ìyá àgbà ni ó ń sọ ọ́?’ ọmọ tí ó ti ń bínú láti àárọ̀ lè bú sẹ́kún. Kí a jẹ́ kí ó sunkún, ìbáà ṣe ọkùnrin.

Ẹ̀kẹta, kí àsìkò oúnjẹ, oorun àti ilé-ìwé má ṣe yí padà, kí a sì fi ọ̀rọ̀ náà tó olùkọ́ rẹ̀ létí. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ bá kọjá tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ọwọ́ ọ̀tún bá bá ọmọ wí, tòsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Nígbà ọ̀fọ̀, ọwọ́ méjèèjì ni kí a fi fà á mọ́ra.

ÀKÍYÈSÍ

Kò sí ọ̀rọ̀ ńláńlá nínú àròkọ yìí. Àpẹẹrẹ inú ilé ni ó gbé e ró. Kókó ti olùkọ́ kò sì ṣàdédé wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ni, mo na ọmọ kan nítorí pé ó ń sùn ní kíláàsì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Èmi náà kò sì béèrè.