Fífi Ọ́ìlì Kún Ọ́ìlì Kì í Ṣe Pípààrọ̀ Ọ́ìlì

Ẹ̀kọ́ tọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. A fẹ́ kí ẹ lè fúnra yín pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà rẹ̀ nílé, láìdúró de mẹkáníìkì.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kò ní sùúrù. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Gàrí Ìjẹ̀bú tí àwọn èèyàn ń wá kiri nítorí pé ó kan dáadáa, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kí a tó dì í sápò fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ tí a fẹ́ rin ín, gbogbo iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Mo bá irú rẹ̀ pàdé ní abúlé kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ìyá ti bó ẹ̀gẹ́ tán, ó kún ilẹ̀ bámúbámú. Ẹ́ńjìnnì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgbàgbà, ó sì gan pa. Mo bi bàbá tó ni ín pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn. Bàbá ní, "Ọmọ mi, mi ò jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ níbẹ̀ rí. Bó bá ti lọ sílẹ̀, mo máa ń fi kún un." Òótọ́ ni bàbá sọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe wà.

KÍ LÓ Ń MÚ Ọ́ÌLÌ GBÓ?

Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí irin máa ha irin nínú ẹ́ńjìnnì. Òun ló tún ń gbé ooru àti ìdọ̀tí kúrò lára àwọn irin náà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí, èéfín dísẹ́ẹ̀lì, eruku àti ẹ̀rún irin ń kó sínú rẹ̀. Tó bá yá, kò ní lágbára mọ́. Ọ́ìlì tuntun tí a dà lé ògbólógbòó dà bí omi tó mọ́ tí a dà sínú omi ìfọṣọ: kò lè sọ ọ́ di omi mímu.

Ẹ má fi àwọ̀ dúdú nìkan ṣe ìdájọ́, torí ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì kì í pẹ́ dúdú. Wákàtí iṣẹ́ ni kí ẹ kà. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí 100 lọ. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 5 lójúmọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, wákàtí 20 nìyẹn. Ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5. Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ tuntun, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u tún ṣe, ẹ pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ kó tó pé wákàtí 50.

OHUN TÍ Ẹ MÁA NÍLÒ

Sípánà tó bá nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ mu, abọ́ fífẹ̀, àrọ tó mọ́, àkísà tó mọ́, fíltà tuntun àti ọ́ìlì tuntun. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì náà. SAE 40 ló wọ́pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì báyìí ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ẹ tún wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé API: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, bíi CD tàbí CF, ni ti dísẹ́ẹ̀lì; èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S ni ti pẹtiróòlù. Bí ìdérí rẹ̀ bá ti já, ẹ má rà á.

BÍ Ẹ ṢE MÁA ṢE É

1. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 5 kí ọ́ìlì lè gbóná, kó lè ṣàn dáadáa. Ẹ pa á, ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 kó má baà bó yín lọ́wọ́.

2. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ro títí tí kò fi ní kán mọ́. Ẹ má kánjú.

3. Ẹ tú fíltà àtijọ́. Ẹ rí i dájú pé rọ́bà rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ pa rọ́bà fíltà tuntun, kí ẹ fi ọwọ́ lásán yí i wọlé títí tó fi fara kan ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà kí ẹ fún un díẹ̀ sí i. Ẹ má fi sípánà fún un. Àwọn Lister àtijọ́ kan, àti àwọn tí wọ́n ṣe bíi tiwọn ní Íńdíà, kò ní fíltà. Tí irú wọn bá jẹ́ tiyín, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ nu ẹrẹ̀ tó sùn sí ìsàlẹ̀ kúrò.

4. Ẹ nu nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ mọ́, ẹ dá a padà pẹ̀lú wáṣà rẹ̀.

5. Ẹ fi àrọ da ọ́ìlì tuntun síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi géèjì wọ̀n ọ́n. Kò gbọdọ̀ kọjá àmì òkè, kò sì gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀. Àpọ̀jù náà ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

6. Ẹ tan án láìfi iṣẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n.

7. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri tàbí sínú ìwé, kí ẹ sì máa kọ wákàtí iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí i.

Bí ọ́ìlì tó jáde bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Bó bá ṣàn bí omi tó sì ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, dísẹ́ẹ̀lì ló ń jò sínú rẹ̀. Ẹ má ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ìlànà yìí kan náà ni fún pick-up tí ẹ fi ń kó gàrí lọ sọ́jà, àmọ́ máìlì tàbí kìlómítà ni ẹ ó kà níbẹ̀. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró láé.

Ọ́ÌLÌ ÀLÒKÙ ŃKỌ́?

Ẹ dà á sínú gálọ́ọ̀nù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọ́ìlì tuntun kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ kọ "ọ́ìlì àlòkù" sí i lára, kí ẹ sì kó o fún mẹkáníìkì tó ń gbà á. Ẹ má dà á sílẹ̀ nítòsí kànga, ẹ má dà á sódò. Ẹ má fi pa irin ìrin-ẹ̀gẹ́ kó má baà dógùn-ún, torí inú gàrí ló máa bá lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gálọ́ọ̀nù náà fọ̀ láti fi bu epo pupa tàbí omi mímu.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Owó ọ́ìlì kò lè tó owó títú ẹ́ńjìnnì, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́ sílẹ̀. Lónìí yìí, ẹ bi ara yín: ìgbà wo ni mo pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn? Bí ẹ kò bá rántí, àkókò ti tó nìyẹn. Bí ohunkóhun kò bá yé yín, ẹ bi òṣìṣẹ́ OGADEP tó ń bẹ àdúgbò yín wò. A ó jọ ṣe é lójú yín.